Ọmọ wa ní òun kórìíra ilá

Ọ̀rọ̀ kékeré kan la gbé wá lónìí. Inú ìkòkò ọbẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì gbé wa dé ibi tí a kò rò.

Ìyá wa wá kí wa ní Àjàṣẹ́ nígbà ìsinmi Ọdún Àjíǹde. Kétu ni wọ́n ń gbé. Wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ara wọn kò sì gba ìrìn-àjò bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, nítorí náà, ọjọ́ tí wọ́n bá wá, ọjọ́ ọdún ni fún gbogbo ilé. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n dé, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má dáná, pé àwọn ló máa dáná. Wọ́n ro ọkà, wọ́n se ọbẹ̀ ilá, wọ́n fi irú tí wọ́n gbé láti ilé sí i. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá.

Ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá tó wà ní CM1, wo inú àwo, ó sì yí ojú padà. Ó ní, "Ìyá àgbà, mo kórìíra ilá."

Ìyá wa dá ṣíbí ọbẹ̀ dúró lọ́wọ́. Wọn kò pariwo, wọn kò sì bá a wí. Wọ́n kàn bi í pé, "Kí ni ilá ṣe fún ọ?"

Ọmọ náà rò pé àwàdà ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kò ṣe nǹkan kan. Ó ń yọ̀ ni. Mo kórìíra rẹ̀." Ìyá wa gbé àwo náà kúrò níwájú rẹ̀, wọ́n wá nǹkan mìíràn fún un jẹ. Ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn kò jẹun tán. Ní alẹ́, nígbà tí àwọn ọmọ ti sùn, wọ́n pe àwa àti ìyàwó wa. Wọ́n ní, "Ta ló ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn nínú ilé yìí, tí ọmọdé fi mọ̀ ọ́n sọ bẹ́ẹ̀?"

A rẹ́rìn-ín. A ní, "Ìyá, Faransé ló ń túmọ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ láàrin ara wọn ní ilé-ẹ̀kọ́ ni. *Je déteste le gombo.* Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ." Olùkọ́ ni wá, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí a ti ń fi Faransé kọ́ ọmọ. A rò pé àlàyé wa tó.

Ìyá wa ní, "Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilá ni mò ń bi yín."

Kí a tó dé ibi tí ìyá wa ń lọ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ilá náà.

Bí oúnjẹ kan kò bá dùn mọ́ wa lẹ́nu, kí ni àwọn ará ilé wa ń sọ? Wọ́n á ní, "Ilá ò wù mí." Bí ó bá jẹ́ pé ó ń dà wọ́n nínú rú, wọ́n á ní, "Ilá ò bá mi lára mu." Bí wọ́n bá ti jẹ ẹ́ jù, "ilá ti sú mi." Bí ó bá jẹ́ pé yíyọ̀ rẹ̀ ni kò jẹ́ kó gba ọ̀fun lọ, "ó ń rí mi lára." Bí ó bá sì jẹ́ pé ìdílé wọn kì í jẹ ẹ́, "èèwọ̀ wa ni." Ẹ wo àwọn gbólóhùn yẹn dáadáa. Ta ló ń ṣe nǹkan níbẹ̀? Ilá ni. Ilá ni kò wuni, ilá ló súni, ilá ló ń rí ni lára. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò ṣe ilá ní ohunkóhun. Ó jókòó jẹ́jẹ́, ilá ló wá bá a.

Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti ní "mo kórìíra," òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Etí wa ń gbọ́ *ìríra* nínú ọ̀rọ̀ náà, ohun tí ara ń kọ̀, bí ẹran tó ti jẹrà. Etí wa sì ń gbọ́ *kó* níwájú rẹ̀, bí ìgbà tí a bá ń kó ẹrù, tàbí tí a ń kó ilẹ̀ tí a gbá. Ẹni tó kórìíra dà bí ẹni tó kó ohun ìríra jọ tó sì gbé e pa mọ́ sínú. Ìdí nìyẹn tí ìyá wa fi béèrè pé kí ni ilá ṣe. Lójú tiwọn, kò sẹ́ni tí í kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lásán.

Ẹ má sọ pé "mi ò fẹ́ràn rẹ̀" náà kò yàtọ̀. Ó yàtọ̀ gan-an. Ẹni tí kò fẹ́ràn, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo ni. Ẹni tó kórìíra, ẹrù wà lọ́wọ́ rẹ̀. A lè máà fẹ́ràn aládùúgbò wa, kí a sì máa kí i láràárọ̀, kí a bá a jókòó níbi òkú bàbá rẹ̀, kí a bá a ṣe ìkómọ.

Láàrin ènìyàn sí ènìyàn pàápàá, àwọn àgbà kò fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe gbogbo rẹ̀. Ìbínú wà: ó ń gbóná, ó sì ń tutù. Odì wà: a yan ara wa lódì, a kò sọ̀rọ̀ síra wa, ṣùgbọ́n bí ilé rẹ̀ bá ń jó, a ó gbé omi. Ìlara wà: ohun tó ní ló ń dùn wá. Kèéta wà: à ń wá ọ̀nà tí a ó gbà ba tirẹ̀ jẹ́. Ní ti ìkórìíra, kò ní ká ṣe ohunkóhun fún ẹni náà. Ó ti tó pé kí ire rẹ̀ máa dùn wá, kí ibi rẹ̀ sì máa tù wá lára. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó síbi Ẹ̀fẹ̀ lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ̀ pé akọrin lè bu ẹni tó hùwà burúkú títí ojú á fi tì í, kí ilẹ̀ sì mọ́ kí wọ́n jọ wà ní ìlú kan náà. A lè pe ìwà burúkú ní orúkọ rẹ̀ láìkórìíra ẹni tó hù ú.

Faransé náà mọ ìyàtọ̀, kí a má purọ́ mọ́ ọn. Nígbà tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, a kọ́ *haïr* lákọ̀ọ́sórí: *je hais, tu hais, il hait,* àmì méjì orí *i* kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá di *nous haïssons,* àmì náà á padà wá. Ẹni tó bá ṣì í kọ gba òdo. A kọ́ pé inú èdè Látìn ni *détester* ti wá, pé níbẹ̀, kí ènìyàn pe òrìṣà ṣe ẹlẹ́rìí kó sì gégùn-ún ni. Ọ̀rọ̀ tó wúwo ni nígbà náà. Lónìí, ó ti fúyẹ́: *je déteste la pluie, je déteste le lundi, je déteste les maths.* Bí èdè ti ń rìn nìyẹn, kò sí ẹ̀sùn níbẹ̀. Ohun tó ṣe wá ni pé ọ̀rọ̀ tó ti fúyẹ́ lọ́hùn-ún, a fi ọ̀rọ̀ tó ṣì wúwo nílé túmọ̀ rẹ̀, a sì gbé e fún ọmọdé.

A kò sì lè dá ọmọdé lẹ́bi. Nígbà tí àwa wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá sọ èdè ilé nínú ọgbà, wọn á so *signal* mọ́ ọn lọ́rùn. Ní ti wa, egungun ẹran ni. Ẹni tó wà lọ́rùn rẹ̀ á máa rìn kiri, á máa fetí sílẹ̀ bóyá ẹlòmíràn á ṣi ẹnu, kó lè bọ́ ọ kó so ó mọ́ onítọ̀hún. Ẹni tó wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí agogo ìrọ̀lẹ́ bá dún ló máa jẹ ẹgba. Báyìí la ṣe mọ *nous haïssons* dé orí àmì rẹ̀, tí a kò sì jókòó rí láti bi ara wa pé kí ni ìyàtọ̀ láàrin "ó sú mi" àti "mo kórìíra rẹ̀." A rò pé èdè ilé kò ní gírámà. Bẹ́ẹ̀ ìyá wa tí kò wọ ilé-ẹ̀kọ́ rí gbọ́ àṣìṣe náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lórí àwo ọkà.

Ó wá ku ohun tí ìyá wa ń bi wá.

Ìyá wa ní, "Ọmọ yìí kò kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́ nìkan. Mo ti wà níbí láti àná. Mo gbọ́ bí ẹ ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n yín. 'Ó' lẹ ń pè wọ́n níwájú ọmọ. 'Ó ti ṣe tirẹ̀. Ẹni yẹn, mo kórìíra rẹ̀.' Ẹnu yín lọmọ ti gbọ́ ọ."

A kò rí èsì fọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bó ṣe rí. Nígbà tí bàbá wa kú, wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀ ní Kétu. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé nílé ta apá kan nínú rẹ̀ láìpè wá. Ẹnu ẹlòmíràn la ti gbọ́. A pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n ní àwọn ni dáwódù, pé kí ni à ń béèrè. Láti ọjọ́ náà, ọdún mẹ́fà, a kò ya ilé wọn mọ́. Bí a bá lọ kí ìyá wa, a ó gba ẹ̀yìn ilé wọlé. Bí wọ́n bá sì dárúkọ ẹ̀gbọ́n wa níwájú wa, ọ̀rọ̀ tí ọmọ fi bu ilá yẹn la máa ń sọ, nígbà mìíràn ní Faransé, nígbà mìíràn ní Yorùbá.

Ìyá wa bi wá bí wọ́n ti bi ọmọ. "Kí ni ẹ̀gbọ́n yín ṣe fún yín?"

A sọ ti ilẹ̀ náà. Wọ́n gbọ́ ọ tán. Wọ́n ní, "Ohun tí wọ́n ṣe kò dára. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn lójú wọn. Ṣé òun nìkan ni?"

Òun nìkan ni. Nígbà tí a wá sọ ọ́ síta, pẹ̀lú ìyàwó wa tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó kéré sí bó ṣe ń wúwo nínú wa.

Ìyá wa wá yíjú sí ìyàwó wa. Ọmọ Àgbómẹ̀ ni ìyàwó wa. Gbogbo ẹni tó mọ ìtàn Kétu mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ní 1886, ọmọ ogun Dàhòmì fọ́ Kétu, wọ́n kó àwọn ènìyàn ibẹ̀ lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì ni àwọn tó kù tó padà wá tún ìlú náà tẹ̀ dó. Ìyá àgbà tó tọ́ ìyá wa dàgbà wà lára àwọn ọmọdé tí wọ́n kó lọ. Ó máa ń sọ ìtàn náà, omi á sì máa bọ́ lójú rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí a mú ọmọ Àgbómẹ̀ wálé pé òun la fẹ́ fi ṣe aya, àwọn kan nínú ẹbí yẹjú. Ìyá wa ló dìde, àwọn ló bu omi fún un mu, wọ́n sì sọ̀rọ̀ kan lọ́jọ́ náà tí gbogbo ilé gbọ́: "A ò gbàgbé. A ò sì kórìíra."

Lálẹ́ ọjọ́ ilá yẹn, wọ́n tún un sọ. Wọ́n ní, "Ìyàwó, o rántí ohun tí mo sọ lọ́jọ́ tó o dé?" Ìyàwó wa ní, "Mo rántí, Ìyá." Ìyá wa ní, "Bí a bá lè ṣe é fún odindi ìlú tó fọ́, ọkọ rẹ ò wá lè ṣe é fún ọmọ ìyá rẹ̀?"

A kò sùn dáadáa lóru náà. Òwe kan ló ń pa dà wá sí wa lọ́kàn: ọ̀tá ẹni kì í pa òdù ọ̀yà. Bó ti wù kí ọ̀yà náà tóbi tó, bí ó bá jẹ́ ọ̀tá wa ló pa á, a ó ní kékeré ni. Ní ọdún tó ṣáájú, ọmọ ẹ̀gbọ́n wa obìnrin gba BEPC rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó jókòó fún un. Wọ́n ránṣẹ́ sọ fún wa. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí a sọ? Olùkọ́ ni wá o, a mọ bí ìdánwò ṣe ń rí, a mọ iye òru tí ọmọ fi ń jí kàwé. A ní, "Ta ló mọ ẹni tí wọ́n fún lówó." A kò ní ẹ̀rí kankan. Ọmọ náà kò ta ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ tí a sọ lọ́jọ́ náà la fi mọ̀ pé kì í ṣe ìbínú ló kù nínú wa mọ́, kì í sì í ṣe odì. Orúkọ tí a ń pè é ló jẹ́ lóòótọ́.

Nígbà tí ìyá wa fẹ́ padà sílé, a kò jẹ́ kí àwọn nìkan wọ tasí. A sìn wọ́n dé Kétu. A gba ojú ọ̀nà wọlé, kì í ṣe ẹ̀yìn ilé. Ẹ̀gbọ́n wa jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. A dọ̀bálẹ̀, a ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ilé." Wọ́n wò wá fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀," wọ́n sì ní kí ọmọ bu omi wá.

A mu omi náà tán. A ní, "A gbọ́ pé ọmọ yín gba BEPC lọ́dún tó kọjá. A kò kí yín. Ọmọ náà mọ̀wé." Ẹ̀gbọ́n wa wo ilẹ̀. Wọ́n ní, "Òun gan-an ló ń béèrè. Ó ní, 'Bàbá kékeré tó jẹ́ olùkọ́, kí ló dé tí wọn ò kí mi?'"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti parí. Kò tíì parí. A sọ fún ẹ̀gbọ́n wa lójú wọn pé títa tí wọ́n ta á láìpè wá kò dára, àwọn náà sọ tiwọn, ohùn sì ga díẹ̀. Àwọn àgbà ẹbí ni yóò jókòó sí i. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n dá wa láre, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má dá wa láre. Ṣùgbọ́n a ti lè bínú sí ẹ̀gbọ́n wa báyìí bí ọmọ ìyá ṣe ń bínú sí ọmọ ìyá. Ohun tí a fọwọ́ ara wa kó, ọwọ́ ara wa náà la fi sọ̀ ọ́.

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wọlé padà, a mú ọ̀rọ̀ náà dé kíláàsì. Faransé la fi ń kọ́ wọn, ṣùgbọ́n ní ìparí iṣẹ́ ọjọ́ kan, a kọ *détester* sí ojú pátákó, a ní kí oníkálukú sọ ọ́ ní èdè ilé rẹ̀. Gbogbo ọmọ Yorùbá ló pariwo pé, "Kórìíra!" A wá kọ "kò wù mí," "ó sú mi," "kò bá mi lára mu," "ó ń rí mi lára," "mi ò fẹ́ràn rẹ̀," a sì fi "mo kórìíra rẹ̀" sí ìsàlẹ̀ pátápátá. A ní kí wọ́n fi ìṣirò, òjò, ẹ̀wà àti ọjọ́ Ajé sí ibi tó yẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín gan-an. Ìṣirò sú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kò sẹ́ni tó gbé ohunkóhun sí ìsàlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń jáde, ọmọkùnrin kan dúró sẹ́yìn. Ọmọ tí wọ́n fi sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ni, kì í gbé pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀. Kì í sábà sọ̀rọ̀. Ó na ìka sí ìlà tó wà nísàlẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹni tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ibí yìí ni."

Bí ó bá jẹ́ oṣù mélòó kan sẹ́yìn ni, a ò bá rẹ́rìn-ín, a ò bá ní kó má bú àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ti ka ìlà mẹ́fà kó tó yan ìkẹfà. A jókòó. A bi í pé, "Kí ni wọ́n ṣe fún ọ?" Ó gbé aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. A kò ní sọ ohun tí a rí níbí. A mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn òbí rẹ̀, ó sì ti wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ báyìí.

Ìdí tí a fi ń kọ èyí nìyẹn. Kì í ṣe pé a fẹ́ máa ṣọ́ ẹnu ọmọdé bíi ti *signal.* Bí a bá ná ọ̀rọ̀ yìí tán lórí ilá àti òjò, kí ni ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò sọ lọ́jọ́ tó bá nílò rẹ̀? Ta ni yóò sì gbọ́ ọ? Àti àwa àgbà, bí a bá ń sọ ọ́ láràárọ̀ nípa ọmọ ìyá wa, báwo la ó ṣe mọ ọjọ́ tó di òótọ́?

Ìyá wa tún wá ní oṣù tó kọjá. Wọ́n se ilá. A ń wo ẹnu ọmọ wa. Ó wo inú àwo, ó rò ó díẹ̀, ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ má bínú, ilá ò wù mí."

Ìyá wa ní, "Ìyẹn dáa. Kí ló wù ọ́?"

Ẹ̀yin ará Sábẹ̀, ẹ̀yin Ifẹ̀ tó wà ní Tógò, ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, báwo lẹ ṣe ń sọ ọ́ lọ́dọ̀ yín bí oúnjẹ kò bá wù yín? Ẹ jẹ́ ká gbọ́. Ẹ kú ilé o.